Bí Ilé-Ìwé Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Aáyán, Eku àti Èèrà Láì Fi Májèlé Wu Àwọn Ọmọ Léwu

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń ṣe nígbà tí aáyán bá pọ̀ ni pé wọn a ra oògùn apakòkòrò, wọn a fín in káàkiri gbogbo yàrá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, wọn a sì ti ilẹ̀kùn pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn a gbá òkú aáyán jọ, inú gbogbo ènìyàn a sì dùn. Kì í pẹ́ rárá tí aáyán fi tún ń kún inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọn a sì tún ra oògùn mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ báyìí, aáyán kò dín kù, májèlé tó lẹ̀ mọ́ tábìlì, ilẹ̀ àti ohun ìṣeré àwọn ọmọ ló ń pọ̀ sí i.

Oògùn tí a fín sí ojú ilẹ̀ kì í dé inú kọ̀rọ̀ tóóró tí aáyán ń sá sí ní ọ̀sán, kì í sì í wọ inú àpò ẹyin rẹ̀. Aáyán kékeré tó ní ìlà dúdú méjì ní ẹ̀yìn ọrùn, tó wọ́pọ̀ gan-an nínú ilé ìdáná, máa ń kó ẹyin bí 30 sí 40 sínú àpò kan ṣoṣo, àwọn tó bá sì jáde nínú ẹyin lẹ́yìn tí agbára oògùn ti dín kù ni a máa ń rí nígbà tó bá yá. Àwọn ọmọ kéékèèké ni májèlé náà ń pa lára jù, nítorí pé wọ́n ń jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ ẹnu, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sínú sì pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn wé e. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a fi kòkòrò sílẹ̀. Ìgbẹ́ aáyán àti awọ tó ń bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ máa ń ru ikọ́ fée sókè, eku sì ń fi ìtọ̀ rẹ̀ kó àrùn ran ènìyàn. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ gba oúnjẹ, omi àti ọ̀nà àbáwọlé mọ́ wọn lọ́wọ́, kí a tó ronú kan oògùn rárá.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

- Ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti àwòrán ilé-ìwé tí ẹ fi ọwọ́ yà, tó fi gbogbo yàrá, síǹkì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìdalẹ̀nù hàn.
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àti pẹ́ńsù ìkọ̀wé kan ṣoṣo.
- Páálí àtè fún kòkòrò. Ẹ ra tó pọ̀ tó láti fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ilé ìdáná, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí méjì sí àwọn yàrá yòókù.
- Pakúté eku onírin, pẹ̀lú àpótí onítìpa tí a lè gbé e sí.
- Kànrìnkàn onírin, símẹ́ńtì, sílíkóònù ìdíhò, àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ, àti rọ́bà tí a ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.
- Ike ńlá onídèérí fún oúnjẹ, àti ike ìdọ̀tí tí ìdérí rẹ̀ ń pa dé.
- Ọṣẹ, àkísà, bílíìṣì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti àtíkè díẹ̀.

Oògùn apakòkòrò kò sí nínú àkójọ yìí. Ẹ má tíì rà á.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi iṣẹ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́, kí ẹ sì kó oògùn tó wà nílẹ̀ jọ

Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo ẹjọ́ kòkòrò yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì ní àṣẹ láti sọ fún alásè, agbálẹ̀ tàbí olùkọ́ pé kí wọ́n tún nǹkan ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, olúkúlùkù á máa rò pé ẹlòmíràn ti mójú tó o. Kí olórí ilé-ìwé kéde pẹ̀lú pé olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé oògùn kòkòrò wá láti ilé, bó ti wù kí èèrà yọ ọ́ lẹ́nu tó lórí tábìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ káàkiri kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tó wà nínú ọgbà jọ. Ẹ wo abẹ́ síǹkì, inú dúrọ́ọ̀ àwọn olùkọ́, yàrá ìkẹ́rùsí àti àhéré ọlọ́dẹ. Ìgò tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni ìgò omi tàbí ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ẹnì kan ti da oògùn sí, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní bi í léèrè kó tó mu ún. Bí ẹ bá rí oògùn tí wọ́n kọ dichlorvos sí lára, kò gbọdọ̀ wà ní ilé-ìwé rárá: ó tètè ń di afẹ́fẹ́ tó ń kún inú yàrá tó ti pa, ó sì ń ba iṣẹ́ iṣan ara jẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* Wọn a da oògùn tó ti pẹ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí gọ́tà, tàbí kí wọ́n sun ún nínú iná ìdọ̀tí. Èyí àkọ́kọ́ ń gbé májèlé wọ inú omi, èkejì sì ń tú u sínú afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń mí. Ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí kíláàsì àti ilé ìdáná, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó àyíká ibi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń bá jà, kí ẹ sì mọ ibùgbé rẹ̀

Ẹ ṣe àbẹ̀wò yìí ní alẹ́, ó kéré tán wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa gbogbo iná, nítorí pé aáyán àti eku kì í jáde ní ọ̀sán àfi bí wọ́n bá ti pọ̀ ju bí ibùgbé wọn ti lè gbà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ kúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí irin ti so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ igi. Àwọn àmì dúdú wínníwínní bí ata gígún tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ jẹ́ ìgbẹ́ aáyán. Bí ẹ bá tún rí àpò ẹyin tó ti ṣófo, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, tí kò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti ń bímọ. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì níbi tó ti ń gbóná, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá móoru, tó ṣókùnkùn, tó sì sún mọ́ omi ni aáyán fẹ́ràn.

Ní ti eku, ẹ wo etí ògiri. Ìgbẹ́ eku kékeré inú ilé máa ń gùn tó mìlímítà 3 sí 6, ti èkúté ńlá sì ń tó mìlímítà 12 sí 18, nítorí náà ẹ lè mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ yín láì rí i lójú. Eku máa ń gba ọ̀nà kan náà lálaalẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ a sì ya ìlà dúdú sí ìsàlẹ̀ ògiri. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bu àtíkè díẹ̀ sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́. Bí eku bá kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò hàn ní àárọ̀.

Lẹ́yìn àbẹ̀wò náà, ẹ gbé páálí àtè kalẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà kan náà sí àwòrán ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ka iye kòkòrò tó mú. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ẹ ó fi mọ̀ ní ìgbẹ̀yìn bóyá iṣẹ́ yín ń so èso, nítorí náà, ẹ má ṣe fò ó.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* Wọn a gbé páálí àtè sí àárín ilẹ̀. Aáyán ń rìn nípa fífi ìwo rẹ̀ kan ògiri, nítorí náà etí páálí náà gbọ́dọ̀ kan ògiri tàbí igun tí ògiri méjì ti pàdé. Àwọn mìíràn á fín oògùn kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀, èyí tó ń mú kí aáyán sá kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò fi ní mọ ibùgbé rẹ̀ gan-an. Ẹ má sì lo àtè fún eku: eku tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ń jìyà fún wákàtí púpọ̀, ó ń tọ̀ sílẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ rí i.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè nawọ́ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta lórí àwòrán yín, kí ẹ sì sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn wà. Bí gbogbo páálí bá ṣófo síbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń rí aáyán, ẹ tún ibi tí ẹ gbé wọn sí yàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba oúnjẹ àti omi mọ́ wọn lọ́wọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù, nítorí pé gbogbo ilé-ìwé ló gbàgbọ́ pé òun ń gbálẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe gbígbálẹ̀ nìkan la ń sọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, láti ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ní ọ̀sán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ló wà nínú ilé-ìwé yìí tí aáyán tàbí eku lè jẹ tàbí mu?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Aáyán lè pẹ́ láàyè láìjẹun, ṣùgbọ́n àìsí omi tètè ń pa á. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ẹ nu síǹkì gbẹ ní ìparí iṣẹ́, ẹ fún àkísà ìnulẹ̀ kí ẹ sì fi í kọ́ síta dípò kí ó wà nínú korobá olómi, kí ẹ sì da omi tó ń dúró sínú àwo abẹ́ fíríìjì nù. Bí páìpù kan bá ń làágùn nítorí òtútù, ẹ fi nǹkan wé e.

Nínú ilé ìdáná, ẹ fa àdògán tàbí sítóòfù kúrò lára ògiri. Ọ̀rá tó ti dì sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó láti bọ́ aáyán fún ìgbà pípẹ́, bí ojú ilẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi họ ọ́ kúrò. Ẹ kó oúnjẹ gbígbẹ gbogbo sínú ike onídèérí, kí ẹ sì gbé àpò àti ike wọ̀nyí sórí pẹpẹ tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga sókè sí ilẹ̀, tó sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí ògiri, kí ìgbálẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì lè dé ẹ̀yìn rẹ̀. Páálí tí ọjà wá nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn mọ́ inú ilé ìdáná. Aáyán ń gun un wọlé láti ibi tí wọ́n ti kó o wá, ó sì ń fi inú páálí náà ṣe ilé. Ẹ tú ọjà kúrò nínú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gbé páálí náà jáde ní ọjọ́ kan náà.

Nínú kíláàsì, ẹ fi jíjẹun mọ sí ibi kan ṣoṣo tó rọrùn láti nù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tú àpò wọn àti dúrọ́ọ̀ wọn palẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yàrá ìsinmi àwọn olùkọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ṣúgà, bísíkíìtì àti ife tí a kò fọ̀ máa ń sùn sí ibẹ̀, kò sì sí agbálẹ̀ tó lè pàṣẹ fún olùkọ́. Bí ilé-ìwé bá ń sin ẹranko fún ẹ̀kọ́, ẹ kó ìyókù oúnjẹ ẹranko náà kúrò ní ìrọ̀lẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń da ìdọ̀tí nù ní àárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé. Gbogbo òru ni eku àti aáyán ti fi jẹ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa dà á nù, kí ẹ fọ ike ìdọ̀tí náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ibi ìdalẹ̀nù ńlá sì jìnnà sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ó bá ti ṣeé ṣe tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ padà wá ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí yín. Síǹkì gbẹ, ike ìdọ̀tí ṣófo, kò sí àwo tó wà nínú omi. Ẹ fi bébà funfun nu ẹ̀yìn sítóòfù. Bí ọ̀rá bá yí i, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé

Eku kékeré lè gba ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 kọjá, èkúté ńlá sì lè gba èyí tó tó mìlímítà 12. Ibí yìí ni pẹ́ńsù ti wúlò: ẹ gbé e sí ilẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó ti pa, kí ẹ sì tì í. Bí ó bá yí wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, eku kékeré náà lè wọlé. Ẹ kan rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tàbí irin pẹlẹbẹ bí ó bá jẹ́ pé eku ti ń fi eyín jẹ igi rẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ yí ilé po láti ìta. Ẹ wo gbogbo ibi tí páìpù omi àti wáyà iná ti gba inú ògiri kọjá. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kì í sábà dí ihò yíká páìpù. Ẹ ki kànrìnkàn onírin sínú ihò náà, kí ẹ sì fi símẹ́ńtì bò ó. Bí ẹ bá lo kànrìnkàn onírin nìkan, yóò dípẹtà, yóò sì bọ́. Bí ẹ bá lo fọ́ọ̀mù, bébà tàbí igi nìkan, eku yóò jẹ ẹ́ kọjá. Ẹ na àwọ̀n irin sí ojú ihò afẹ́fẹ́, ẹ dé ojú gọ́tà inú ilé, kí ẹ sì gé ẹ̀ka igi tó bá kan òrùlé. Ní ti aáyán àti èèrà, sílíkóònù tí ẹ bá fún sínú ojú ibi tó sán lára ògiri, lẹ́yìn síǹkì àti lẹ́bàá férémù ilẹ̀kùn ti tó.

Ẹ ṣọ́ra níbi kan: bí àdán bá wà nínú àjà, ẹ má ṣe dí ihò náà mọ́ ọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè fò yóò kú sínú rẹ̀, àwọn àgbà yóò sì wá ọ̀nà gba inú kíláàsì jáde. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ lásán mú àdán, nítorí ó lè ní àrùn dìgbòlugi.

*Àyẹ̀wò:* Ní ọ̀sán gangan, ẹ wọ inú yàrá, ẹ pa iná, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ wọlé ní ìsàlẹ̀ ni kí ẹ padà sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mú àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ilé

*Eku.* Ẹ gbé pakúté sí etí ògiri, kí orí tí ìdẹ wà kọjú sí ògiri, kí pakúté náà sì dábùú ògiri. Eku kékeré kì í rìn jìnnà sí ibùgbé rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín pakúté méjì jẹ́ mítà 2 sí 3, kí ẹ sì lo ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdẹ kékeré tó lẹ̀ mọ́ pakúté, bíi ẹ̀pà lílọ̀, sàn ju èyí tó tóbi tí eku lè jí gbé lọ. Èkúté ńlá ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù ohun tuntun. Ẹ fi pakúté sílẹ̀ pẹ̀lú ìdẹ láì dẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, títí tí yóò fi máa jẹ ìdẹ náà láìfòyà, kí ẹ tó wá dẹ ẹ́. Gbogbo pakúté gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí onítìpa tàbí ní ibi tí ọmọ kò lè dé, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé.

Ẹ má ṣe gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ láé, nítorí eruku rẹ̀ lè gbé àrùn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀ kí ó rin gbingbin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bébà nù ún sínú ọ̀rá, kí ẹ sì so ọ̀rá náà pa.

*Èèrà.* Kí ẹ tó pa ìlà wọn, ẹ tẹ̀ lé e títí dé ibi tí wọ́n ti ń yọ. Omi ọṣẹ ló ń pa òórùn tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà rẹ́. Ẹ fi nu gbogbo ìlà náà, kí ẹ sì dí ibi tí wọ́n ti ń wọlé. Bí ẹ bá fín oògùn sí wọn, irú èèrà kéékèèké kan wà tí agbo rẹ̀ yóò pín sí méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹ ó sì máa bá wọn jà ní yàrá mẹ́ta dípò ẹyọ kan.

*Ẹ̀fọn.* Láti ẹyin títí dé ẹ̀fọn tó ń fò lè gba ọjọ́ 7 sí 10 péré níbi tí ó bá móoru. Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa da omi nù nínú táyà, ike, ìkòkò òdòdó àti ọ̀pọ́n ìgbomi òrùlé.

*Àgbọ́n.* Ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní ìrọ̀lẹ́.

*Iná orí.* Kò sí ìdí kankan láti fín oògùn sí kíláàsì nítorí iná orí; orí ènìyàn ló ń gbé, kì í pẹ́ láàyè lórí ilẹ̀ tàbí àga. Àwọn òbí ni kí ẹ fi tó létí.

*Àyẹ̀wò:* Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ti kọjá tí pakúté kò mú eku, tí àtíkè kò sì ní àmì ẹsẹ̀. Nọ́ńbà páálí àtè ọ̀sẹ̀ yìí kéré sí ti Ìgbésẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí oògùn bá di dandan

Bí páálí àtè bá ṣì ń mú aáyán lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú dáadáa, ìdẹ onímájèlé ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a ń fín. Ìdẹ jẹ́ẹ̀lì tó wà nínú abẹ́rẹ́ ìfún ló dára jù fún aáyán. Ẹ kán an ní kékeré, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 lọ, sínú kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọmọ kò lè wọ̀: ẹ̀yìn ìde kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ síǹkì, ẹ̀yìn fíríìjì. Ẹ tẹ̀ lé àwòrán yín, kí ẹ fi púpọ̀ sí ibi tí páálí ti mú jù, kí ẹ má sì fi sí ibi tí kò mú nǹkan. Aáyán tó bá jẹ ẹ́ yóò padà lọ kú sí ibùgbé rẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì jẹ ìgbẹ́ àti òkú rẹ̀, wọn yóò sì kú pẹ̀lú. Èèrà náà ní ìdẹ tirẹ̀ tó ní boric acid (èròjà kan tó ń pa kòkòrò) àti ṣúgà. Inú ike onídèérí tí èèrà lè wọ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ọmọ kò lè wọ̀, ni kí ó wà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* Wọn a fi jẹ́ẹ̀lì sí, wọn a sì tún fín oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Òórùn oògùn náà yóò lé aáyán kúrò lọ́dọ̀ ìdẹ, owó méjèèjì a sì ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni agolo tó ń tú èéfín oògùn jáde fúnra rẹ̀ nínú yàrá kò dára rárá: èéfín náà kì í wọ kọ̀rọ̀, ó ń bà lé gbogbo ohun tí ọmọ ń fọwọ́ kàn, ó sì lè gbiná.

Májèlé eku kò gbọdọ̀ wọ inú ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi brodifacoum àti bromadiolone, ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, ọjọ́ mélòó kan sì ń kọjá kí eku tó kú, èyí tó ń mú kí ó kú sínú ògiri tí òórùn rẹ̀ yóò sì lé kíláàsì jáde. Ológbò àti òwìwí tó bá jẹ eku náà lè kú pẹ̀lú. Bí ó bá di dandan ní ìta, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kí ó ṣe é, nínú àpótí onítìpa tó kàn mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n má sì da hóró kan sílẹ̀ lásán.

Bí ẹ bá máa gba òṣìṣẹ́ apakòkòrò, ẹ wo ohun tí ìwé àdéhùn sọ. Àdéhùn tó ní kí ó wá fín oògùn lóṣooṣù ń sanwó fún oògùn, yálà kòkòrò wà tàbí kò sí. Ẹ kọ ọ́ sí i pé àyẹ̀wò ni ẹ ń san owó fún, pé kò gbọdọ̀ lo oògùn láì gba àṣẹ ẹni tí ẹ yàn ní Ìgbésẹ̀ 1, àti pé kí ó fi orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti ibi tó lò ó sílẹ̀ ní kíkọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó lo oògùn tó kọjá ìdẹ inú kọ̀rọ̀, ẹ kọ̀wé sí àwọn òbí ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ lẹ ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ béèrè àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí ẹ sì yan ọjọ́ ìsinmi. Iye wákàtí tí wọ́n kọ sára ìgò pé kí ènìyàn má wọlé ni ó kéré jù. Ẹ fi kún un, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ nu tábìlì.

Ẹ kọ èyí sára ògiri ọ́fíìsì: bí oògùn bá kan ara, ẹ bọ́ aṣọ náà, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ ibẹ̀, bí ó bá kan ojú, ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ọmọ, tí dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ sún kì, tí kò sì lè mí dáadáa, ẹ má dúró de òbí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè dárúkọ gbogbo ibi tí ìdẹ wà láti inú ìwé àkọsílẹ̀, ọmọ tí ó ga jù nínú kíláàsì àkọ́kọ́ kò sì lè fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ máa kà á lọ

Ẹ máa ka páálí àtè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi kéré gan-an, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí nọ́ńbà ibì kan bá ga sókè, ẹ má ṣe sáré lọ bá oògùn. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 3 ní ibẹ̀, nítorí ẹ̀rọ omi tó ń jò tàbí agbálẹ̀ tuntun tí kò mọ òfin ni ẹ ó sábà bá. Bí ìdẹ bá gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí aáyán bá ń jẹ ìdẹ kan tí kò sì kú mọ́, ẹ ra irú tí májèlé inú rẹ̀ yàtọ̀.

Ìsinmi gígùn ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máa ń bàjẹ́. Kí ilé-ìwé tó pa, ẹ kó gbogbo oúnjẹ inú yàrá olùkọ́ kúrò, ẹ tú fíríìjì, kí ẹ sì fi páálí àtè tuntun sílẹ̀. Ó kù bí ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn ọmọ wọlé, ẹ lọ kà wọ́n, kí ẹ sì da omi sínú gbogbo ojú ihò omi tó wà nílẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná, nítorí pé omi tó ń dí ọrùn páìpù wọn ti gbẹ nígbà tí kò sí ẹni tó ń lò ó, ibẹ̀ sì ni aáyán ńlá inú kòtò ìdọ̀tí ń gbà gòkè wá.